Iṣẹ́ Tí Ọkàn Fẹ́ àti Owó Tí Ilé Ń Fẹ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tí iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò sókè láàárín ọdún kan láti nǹkan bí 457,000 sí iye tí ó lé ní 800,000, ẹni tí gbogbo ìlú kọ́kọ́ ń wá kiri ni tíṣà. Tíṣà ayé ìgbà náà kì í ṣe ẹni àmúṣèré: òun ni ó ń ka lẹ́tà tí ọmọ kọ sí ìyá rẹ̀ láti Èkó, òun ni ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni ó ń bá baálẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba, bí ó bá sì ń kọjá lọ lórí kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí ó dàgbà jù ú lọ a máa pè é ní ọ̀gá. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n iyì rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣòro fún ìlú láti fi ọ̀rọ̀ dídùn san ìyókù gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí ń gba owó tí ó ju ti olùkọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, n kò sì tíì gbọ́ kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní kí wọ́n bá òun náà tọ́jú tòun sí ọ̀run.

Ayé ti yí padà láti ìgbà náà wá. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ti di ohun ìtàn, iyì tí a fi ń di àlàfo owó sì ti ń ya lọ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì wà tí iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ọmọ tí ó ti fi odidi sáà kan bá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jìjàkadì yóò ṣàdédé rẹ́rìn-ín pé ó ti yé òun, tí inú olùkọ́ náà yóò sì dùn títí di ọjọ́ kejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwé wọlé tọ̀ lọ́jọ́ kan: báńkì kan, tàbí ilé-iṣẹ́ epo, tàbí ti tẹlifóònù, ní àwọn fẹ́ ẹ, àwọn yóò sì san ìlọ́po méjì owó rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Olùkọ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ hàn sí gbogbo wa, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn aládàáni ń pè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà ń fẹ́, àti ọ̀dọ́ tí ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó wá máa bá òun kó ọjà wọlé láti Ṣáínà, ojú kan náà ni gbogbo wọn dúró sí.

Oríṣi olùdámọ̀ràn méjì ni yóò kọ́kọ́ dé bá olùkọ́ yìí. Àwọn kan yóò kí Ajé ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ògúgúlùsọ̀ tí ń sọ àjèjì di ọmọ onílé, wọn yóò sì bi í bí ó ti ya wèrè ni tí ó fi ń ro ohun tí kò yẹ ní rírò. Àwọn kejì yóò ní ohun tí ó wu ni ni ó ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, pé ìfọ̀kànbalẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jà, pé owó lónìí ni, kò sí lọ́la. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dùn-ún gbọ́, kò sì sí èyí tí ó ṣí ìdérí ìkòkò wo nínú wọn. Èmi rò pé ìbéèrè kan tí wọ́n fò dá ni ó yẹ kí ó ṣáájú: ǹjẹ́ owó tí ń wọlé báyìí tó ohun tí ilé kò lè ṣe aláìní? Bí kò bá tó, kí olùkọ́ náà lọ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì í. Bí ó bá tó, ọ̀ràn yí padà pátápátá. Láti ibẹ̀ lọ, iye tí ó wà nínú ìwé tuntun náà kọ́ ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́, bí kò ṣe ohun tí owó náà yóò gbà lọ́wọ́ wa kí ó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ tirẹ̀ di 80,000, ti Èkó di 85,000. Ẹ wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké tí ó kún àdúgbò wa, ẹ óò bá àwọn olùkọ́ tí wọn kò rí iye òfin náà gbà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ogójì nínú yàrá kan, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí òbí lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba pàápàá kò fi ìgbà gbogbo mọ́ nínú ọ̀ràn yìí: láti ọdún 2015, fún ọ̀pọ̀ oṣù, àbọ̀ owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga ń gbà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí a wá sọ fún ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé kí ó jókòó ti ìfẹ́ iṣẹ́, ìwà ìkà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀lú ohùn ìwàásù ni a fi sọ ọ́. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ebi kò sì tíì kúrò nínú ìṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ tí ó ń rò. Kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ.

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti bá ọ̀rọ̀ yìí wọ̀jà. Ní ọdún 2010, Daniel Kahneman àti Angus Deaton kọ ọ́ pé ìdùnnú ojoojúmọ́ àwọn ará ilẹ̀ wọn ń pọ̀ bí owó wọn ti ń pọ̀ títí tí yóò fi kan nǹkan bí dọ́là 75,000 lọ́dún, lẹ́yìn náà yóò dúró gbọnin. Matthew Killingsworth jáde ní ọdún 2021, ó ní kò dúró rárá. Dípò kí wọ́n máa ta ọfà ọ̀rọ̀ sí ara wọn nínú ìwé, Kahneman àti Killingsworth jókòó pọ̀ pẹ̀lú Barbara Mellers, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 2023: fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, ìdùnnú ń gòkè bí owó ti ń gòkè, ṣùgbọ́n fún àwọn tí inú wọn bàjẹ́ jù lọ, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún, owó ń mú ìbànújẹ́ fúyẹ́ dé ìwọ̀n kan ni, kì í sì í ràn án mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo rí dì mú nínú àríyànjiyàn wọn ni pé ìbànújẹ́ tí àìlówó bí, owó a máa wò ó. Èyí tí ọ̀gá burúkú bí, tàbí iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi eyín pọ̀ ṣe, tàbí ilé tí kò tòrò, ó ní ìlú tí ó ti wá, owó kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí ó ń jẹun yó, àmọ́ tí ó fẹ́ jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ mi bá wí jù lọ, òun náà ni ó sì ń ṣe ìṣirò kánkán jù. Ká mú olùkọ́ kan ní Ìbàdàn, tí náírà 150,000 ń bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì, tí ó ń gbé yàrá-àti-pálọ̀ ní Apẹtẹ ní 400,000 lọ́dún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sì fi ń rìn dé ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Victoria Island ní Èkó ní 400,000 ni òun yóò máa fi lé e lọ́wọ́ lóṣù. Ó fi ọwọ́ ka 250,000 tí ó lé, ó ti fi ọkàn ra ilẹ̀, ó ti fi ọkàn kọ́lé sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dé Èkó, ilé tí ó sún mọ́ ibi iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ó wá gba tirẹ̀ sí Ìkòròdú ní 1,000,000 lọ́dún, láìka owó ajẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ilé ti fi 600,000 lé ti Ìbàdàn, èyí tí í ṣe 50,000 lóṣù. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, bí a bá fi í sí 5,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, di 110,000. Oúnjẹ ọ̀sán ní 2,500 lójúmọ́ di 55,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 215,000. Ohun tí ó kù nínú 250,000 kò ju 35,000 lọ. Ẹ rántí pé ó ti máa ń kọ́ ọmọ méjì ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn, tí àwọn òbí wọn ń san 40,000 lóṣù. Ìyẹn ti lọ. Ọkùnrin tí owó oṣù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta wá di ẹni tí ó ń fi náírà 5,000 jìn lóṣooṣù.

N kò tíì sọ̀rọ̀ àkókò. Láti Ìkòròdú, aago mẹ́rin àbọ̀ òwúrọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kúrò nílé bí kò bá fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká a mọ́ orí Third Mainland Bridge, afárá tí wọ́n parí ní ọdún 1990 tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, tí ènìyàn sì lè lò ó tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ìsinmi tàbí wákàtí méjì lọ́jọ́ Ajé. Bí ó bá padà dé lálẹ́, ọmọ ti sùn. Bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì sọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí pé láti ọjọ́ tí ìròyìn bá ti kan Ìbàdàn pé ọmọ wa ti wọ ilé-iṣẹ́ ńlá l'Ékòó, owó ìnáwó òkú, owó ìgbéyàwó àti owó ìdánwò àwọn àbúrò kò ní í bá 150,000 àtijọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Iye tuntun tí wọ́n gbọ́ ni wọn yóò máa wò, èyí tí ó kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ kò sì sí nínú ìròyìn náà.

Kì í ṣe gbogbo ìṣirò ni yóò já sí òfo báyìí. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ilé sí Ọbáléńdé, tàbí tí ilé-iṣẹ́ ń fi bọ́ọ̀sì kó, tàbí tí wọ́n ní kí ó máa ṣe iṣẹ́ náà láti Ìbàdàn lórí kọ̀ǹpútà, èrè tòótọ́ ni tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ènìyàn mú bébà àti kálàmù, kí ó sì fi ìlú tí yóò gbé, ọ̀nà tí yóò máa rìn àti àwọn ènìyàn tí yóò máa bá a jẹ ṣe ìṣirò náà, kí ó má fi ẹnu lásán ṣe é. Àwọn tí ó dàgbà láàárín wa kò tíì gbàgbé owó Údójì. Nígbà tí ìjọba ológun gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji wọlé ní òpin ọdún 1974, tí wọ́n sì san àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n kà á sẹ́yìn láti oṣù kẹrin ọdún náà, ariwo ayọ̀ gba ìlú kan; ẹni ra alùpùpù, ẹni ra rédíò ńlá, ẹni gbé ìyàwó kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni náà daṣẹ́ sílẹ̀ pé àwọn ń fẹ́ tiwọn, àwọn ọlọ́jà gbọ́, iye ọjà sì gbéra sọ pẹ̀lú owó náà. Kí ọdún 1975 tó parí, púpọ̀ nínú àwọn tí ó jó sí orin Údójì ti ń béèrè ibi tí owó náà wọlẹ̀ sí.

Bí ìṣirò owó bá tiẹ̀ yọrí sí rere, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣì wà nílẹ̀, mo sì rí i pé àwọn ènìyàn kì í fi ara balẹ̀ tú u wò. Wọn a ní àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn, ó tán. Apá wo ni ẹ fẹ́ràn nínú rẹ̀? Olùkọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó bá dúró níwájú ọmọ nìkan ni ara rẹ̀ ń yá. Gbé e sí ibòmíràn, kódà kí ó jẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, yóò rọ. Òmíràn wà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni ó fẹ́ràn, tí ó sì ń pè é ní ìfẹ́ ọmọ. Òmíràn fẹ́ràn ìmọ̀ tí ó ń kọ́ni, ìṣirò ni o tàbí ìtàn, yóò sì lè máa bá a lọ níbikíbi tí ìwé bá wà. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ inú ọ́fíìsì olùkọ́ ni ó fẹ́ràn, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà ní aago méjìlá. Mélòó nínú àwọn wọ̀nyẹn ni yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún?

Ẹ wo Olóyè Daniel Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. Olùkọ́ ni nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938; nígbà tí ó yá, ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó lọ sí ẹ̀ka ìtẹ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn Heinemann tí ń tẹ ìwé. Ó pààrọ̀ ọ̀gá, ó pààrọ̀ àga, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, èyí tí í ṣe ìwé ní èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, ń bá a lọ láti ilé dé ilé. Hubert Ògúndé ti Òṣósà yàtọ̀. Òun náà ti ṣe olùkọ́ rí, ó sì wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, níbi tí owó oṣù ti dájú, nígbà tí eré orí ìtàgé gbà á lọ́kàn. Ohun tí ó fẹ́ràn kò lè gbé pẹ̀lú aṣọ ìjọba pẹ́, ó sì bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1940, kò sì padà sẹ́yìn títí ó fi kú ní ọdún 1990. Kí olùkọ́ wa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tirẹ̀ jẹ́ irú ti Fágúnwà tí ó ṣeé dì mọ́ ẹrù, tàbí irú ti Ògúndé tí kò gba orogún.

Ọ̀ràn ìwé àti òfin kò gùn, àmọ́ òun ni ó ń dójú ti àwọn tí ó kánjú. Bí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀: láti ọdún 2022, òfin ti fi àyè gba olùkọ́ ìjọba láti ṣiṣẹ́ di ọmọ ọdún 65 tàbí kí ó lo ogójì ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù ń fẹ̀yìn tì ní 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35. Owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ ti kó jọ lábẹ́ òfin ọdún 2014 kì í ṣòfò, ẹ̀yin ni ẹ ni àkáǹtì rẹ̀, yóò sì tẹ̀ lé yín dé ibi iṣẹ́ tuntun. Kí ẹ ṣáà bi ọ̀gá tuntun náà bóyá ó ń dá ìdá 10 nínú 100 tí òfin ní kí ó dá, lórí ìdá 8 tiyín, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í dá a. Ẹ wo gbèsè yín nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí àwọn tí ó ṣe onídùúró yín má baà máa wá yín kiri. Ẹ ka ohun tí ìwé àdéhùn sọ nípa ìkìlọ̀ tí ẹ óò fún wọn kí ẹ tó lọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí fi oṣù kan lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí ó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún.

Ohun kan tún wà tí ìtìjú kì í jẹ́ kí a ṣe, pàápàá àwa tí wọ́n fi ìbẹ̀rù àgbà tọ́: kí ènìyàn tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń pè mí níbì kan, n kò fẹ́ lọ, àmọ́ ilé kò gbà mí láyè mọ́ lórí iye yìí." Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀, nítorí ọ̀gá kọ́ ni ó ń fi owó oṣù lélẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti aládàáni, mo ti rí i tí ó mú ilé olùkọ́ nínú ọgbà jáde, tí ó mú kí wọ́n dín owó ilé-ìwé àwọn ọmọ olùkọ́ kù. Kí ó má ṣe fi ìwé ẹlòmíràn halẹ̀ mọ́ni, kí ó má sì sọ ọ́ bí kò bá ní ìwé náà lọ́wọ́ ní tòótọ́. Nílé, kí ọkọ àti aya jókòó sí i kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó gbọ́, nítorí tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àǹtí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ìpinnu ti di ti gbogbo ìlú.

Bí ó bá wá di pé lílọ ni, kí ó má lọ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC kò tíì ka ìwé wọn tán. Kí ó fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé ẹni tí yóò gba kíláàsì náà lọ́wọ́. Kí ó sì máa sọ ìwé àṣẹ TRCN rẹ̀, èyí tí ó fi jẹ́ olùkọ́ lójú òfin, di ọ̀tun nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù àti táì ní báńkì. Iṣẹ́ báńkì pàápàá lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́: báńkì 89 ni ó wà ní Nàìjíríà nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ sọ ní ọdún 2004 pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù náírà 25. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, 25 ni ó kù, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti fi ìyangàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn wọ inú wọn sì ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ kiri.